Wembley 1924: Ìpàtẹ Ọjà Ìlú Ọba àti Èsì Tí Àwọn Ọmọ Wa Fún Un

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tó wà níjokòó, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ̀yin ọmọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù níbí, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ sì kú ìrìn inú òtútù. Wọ́n ní kí n wá bá yín sọ ìtàn àwa Yorùbá nílùú ọba. Ìtàn náà gùn, ilẹ̀ á ṣú bá wa tí mo bá ní kí n sọ gbogbo rẹ̀. Ẹyọ kan ni mo fà yọ: ìpàtẹ ọjà ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley lọ́dún 1924 àti 1925, àti ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wà ní ìlú yìí nígbà náà ṣe nípa rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa mọ Wembley. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kò ní gbàgbé ọdún 2008, nígbà tí Kanu jẹ góòlù kan ṣoṣo tó gbé ife FA lé Portsmouth lọ́wọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n torí ìpàtẹ ọjà ni wọ́n ṣe kọ́ pápá ìṣeré àkọ́kọ́ síbẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 1923, wọ́n fi àṣekágbá ife FA ṣí i lóṣù Kẹrin ọdún yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1924, Ọba George Karùn-ún wá ṣí ìpàtẹ náà fúnra rẹ̀.

Kí ló dé tí ìjọba fi gbà kí wọ́n ná nǹkan bíi mílíọ̀nù méjìlá pọ́n-ùn sórí ìpàtẹ ọjà? Ogun àgbáyé kìn-ín-ní ló fà á. Nígbà tí ogun yẹn parí lọ́dún 1918, gbèsè Amẹ́ríkà ti wọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn àtijọ́ ti ń rajà níbòmíràn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1921, àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe nílùú ọba ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé kí ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì máa bá ara rẹ̀ ṣòwò. Kí Gẹ̀ẹ́sì máa ra òwú, kòkó, epo, bọ́tà àti irun àgùntàn lọ́dọ̀ àwọn ilẹ̀ tó ń jọba lé lórí, kí àwọn ilẹ̀ náà sì máa ra aṣọ, ẹ̀rọ, ọṣẹ àti irin rélùwéè lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àbá ìpàtẹ náà ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1913, láti ẹnu Lord Strathcona. Ogun ló dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òwò yìí, nítorí ibẹ̀ ló ti kan àwọn ìyá ńlá wa. Kí ogun tó dé, Hamburg ní Jámánì ni èyí tó pọ̀ jù nínú èkùrọ́ wa ń lọ. Àwọn ará Jámánì ní ẹ̀rọ tó ń fún àdín rẹ̀, wọ́n sì ń fi ìdà rẹ̀ bọ́ màlúù. Nígbà tí ogun bẹ́, ọ̀nà Hamburg dí, Gẹ̀ẹ́sì sì wá gba òwò náà. Ogun parí, ó yẹ kí ọjà ṣí padà. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1919 ìjọba gbé owó orí pọ́n-ùn méjì lé tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan èkùrọ́ tó bá fẹ́ jáde kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí ibi tí kì í ṣe ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ìyá tó ń pa èkùrọ́ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, tó ń fi òkúta fọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti bá a yan oníbàárà. Ẹni tó lè san owó tó jù wọ́n dí i lọ́nà, ẹni tó kù ló wá ń dá iye lé e. Wọn kò yọ owó orí náà kúrò títí di ọdún 1922.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún wa pé ìpàtẹ Wembley wà láti so gbogbo ilẹ̀ ọba pọ̀ bí ọmọ ìyá, ọ̀rọ̀ èkùrọ́ yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ọdún méjì péré ló wà láàárín yíyọ owó orí yẹn àti ọjọ́ tí ọba ṣí ìpàtẹ.

Mo fẹ́ kí ẹ rí bí ibẹ̀ ti tó. Ilẹ̀ náà tó éékà 216. Ilé ńlá mẹ́ta ló jẹ́ olórí níbẹ̀, ọ̀kan fún iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀kan fún ọjà ilé-iṣẹ́, ọ̀kan fún iṣẹ́ ọnà. Kankéré ni wọ́n fi kọ́ wọn, ti iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ilé kankéré tó tóbi jù láyé nígbà náà. Wọ́n ní kí Rudyard Kipling, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, wá sọ àwọn títì ibẹ̀ lórúkọ. Ọkọ̀ ojú irin kan wà tí kì í dúró rárá: bó bá dé ibùdó, a máa rọra yí gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́ kí èrò lè bọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn sì wọlé. Canada gbé ère ọmọ ọba wá, òun àti ẹṣin rẹ̀, bọ́tà ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ látòkè délẹ̀. Nínú àwọn ilẹ̀ 58 tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, 56 ló kópa. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣe sítáǹpù ìrántí fún un, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọdún méjèèjì, nǹkan bíi mílíọ̀nù 27 ènìyàn ló ya wọ ibẹ̀.

Lọ́jọ́ ìṣíde, rédíò gbé ohùn ọba sáfẹ́fẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí aráàlú máa gbọ́ ohùn ọba Gẹ̀ẹ́sì láìsí níwájú rẹ̀. Wọ́n tún tẹ wáyà kan fún ọba, wáyà náà yí gbogbo ayé ká, ó sì padà sọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 20. Kò sí ẹni tí kò ní yà lẹ́nu. Agbára ni wọ́n ń fi hàn, agbára náà sì wà lóòótọ́.

Ìhà ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá ńkọ́? Wọ́n mọ ògiri pupa gíga yí i ká, bíi ti ìlú Hausa, bí ẹni pé èèyàn wọ Kano tàbí Zaria. Nàìjíríà, Gold Coast (tó di Ghana lónìí) àti Sierra Leone ni wọ́n kó sínú rẹ̀ pọ̀. Wọ́n pàtẹ epo pupa àti èkùrọ́, ẹ̀pà, kòkó, òwú, awọ ẹran, pákó ọ̀gánwó, àti tíìnì tí wọ́n ń wà ní Jos. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà wọ̀nyí ni wọ́n kọ́ abúlé kan sí, wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa wá láti máa gbé inú rẹ̀: Yorùbá, Hausa, Fante, Asante, Mende. Àwọn ahunṣọ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ awọ wà níbẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, àwọn amọ̀kòkò náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe lójú èrò ìwòran láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

N kò ní bu ògiri Kano kù. Iṣẹ́ àwọn àgbà ni, ó sì lẹ́wà. N kò sì ní bu ahunṣọ tó jókòó sídìí òfì ní Wembley kù. Iṣẹ́ rẹ̀ dára ju ọ̀pọ̀ aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n pàtẹ nílé kejì lọ. Ohun tó dùn mí ni ohun tí wọn kò fi hàn. Lọ́dún 1924 yìí, ó ti tó ọdún 65 tí Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde l'Ábẹ́òkúta. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Sapara Williams ti di agbẹjọ́rò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Freetown ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọdún 1923 tó ṣáájú ìpàtẹ gan-an, àwọn ará Èkó dìbò, ẹgbẹ́ Herbert Macaulay sì kó gbogbo àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fún Èkó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó sì tún wà níbẹ̀ pé lọ́dún 1921, Olóyè Olúwa ti Èkó pe ìjọba lẹ́jọ́ nílùú ọba níbí lórí ilẹ̀ Apapa, ó sì borí. Ẹni tó bá wọ inú ògiri pupa yẹn, kò ní mọ ìkankan nínú èyí. Yóò jáde pẹ̀lú èrò pé ilẹ̀ kan wà tó ń mú epo jáde, pé àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà kò yí padà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àti pé òyìnbó ló wá ń tọ́jú àwọn méjèèjì.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ọgbọ́n tí wọ́n fi to ìpàtẹ yẹn nìyí. Bí wọ́n bá fi èèyàn hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò lè ṣe ara rẹ̀ ní nǹkan kan, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ta ló dá owó lé epo rẹ̀.

Ẹ̀gbin náà kò dúró sínú ògiri. Kí wọ́n tó ṣí ìpàtẹ rárá, lóṣù Kẹta ọdún 1924, ìwé ìròyìn Evening News gbé àròkọ kan jáde pé ìwà jíjẹ ẹran ara èèyàn àti oògùn ìkà wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà títí di àìpẹ́ yìí. Nàìjíríà tí àwọn ará Èkó ti ń dìbò! Lóṣù Karùn-ún, tí ìpàtẹ ti bẹ̀rẹ̀, Sunday Express tún kọ tirẹ̀, ó fi àwọn obìnrin tó wà nínú abúlé náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó sọ̀rọ̀ nípa wọn bí ẹni pé wọn kò níyì. Ìyàwó ilé ni àwọn mìíràn nínú wọn, ìyá ọmọ ni àwọn mìíràn. Iṣẹ́ ni wọ́n wá ṣe.

Níbí ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ti wọlé sínú ọ̀rọ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ìlú tí wọ́n ti ń kó òwú ránṣẹ́ sí Manchester láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ló ti wá, nítorí náà kò sí ẹni tó nílò láti kọ́ ọ ní ohun tí òwò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Ó ti ka ìwé ní Fourah Bay, ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922 láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní University College. Kò lówó. Kò ní baba ìsàlẹ̀ kankan. Nígbà tó ka ohun tí Evening News kọ, ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa, wọ́n sì gbé e jáde lóṣù Kẹta yẹn kan náà.

Ohun tó wà nínú lẹ́tà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kíyè sí. Ó tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa ba nǹkan jẹ́ dé: àwọn ọmọ Áfíríkà tó wá kàwé nílùú yìí ló máa jìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbà ni, ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ ohun tí mò ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á kan ilẹ̀kùn, onílé á yọjú, á rí àwọ̀ rẹ̀, á ní yàrá ti tán. Bí ìwé ìròyìn bá wá ń sọ fún onílé yẹn pé ajẹ̀nìyàn lẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, níbo ni ọmọ náà máa sùn? Ṣólàńkẹ́ ka ìròyìn inú ìwé, ó sì rí yàrá tí wọ́n máa fi du èèyàn. Ẹ̀bùn ńlá ni ìyẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn kò fọwọ́ lẹ́rán. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Union of Students of African Descent. Lẹ́yìn ti Sunday Express, wọ́n kọ̀wé fẹ̀sùn kan ìwé ìròyìn náà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ tí wọ́n mú sìn. Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé wọ́n ti abúlé náà mọ́ èrò ìwòran fún ìgbà díẹ̀. Ìpàtẹ tí ọba ṣí fúnra rẹ̀, tí wọ́n ná mílíọ̀nù méjìlá pọ́n-ùn lé lórí, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn kò tó nǹkan mú kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kan nínú rẹ̀.

Lẹ́tà Ṣólàńkẹ́ tún mú ohun mìíràn wá. Obìnrin kan láti Jamaica kà á, Amy Ashwood Garvey lorúkọ rẹ̀. Òun àti Marcus Garvey ni wọ́n jọ dá UNIA sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn aláwọ̀ dúdú káàkiri ayé, òun sì ni ìyàwó àkọ́fẹ́ Garvey. Ó ti Ṣólàńkẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 1924, tí ìpàtẹ ń lọ lọ́wọ́ ní Wembley, àwọn méjèèjì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlá dá Nigerian Progress Union sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣólàńkẹ́ fi oyè Ìyálóde dá Amy lọ́lá. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí èyí. Wọ́n ti kó ìran wa lẹ́rú gba orí òkun kọjá lọ sí erékùṣù wọ̀nyẹn, ọmọbìnrin kan wá ti ibẹ̀ dé, ọmọ Ẹ̀gbá sì pè é ní Ìyálóde láàárín ìlú àwọn tó kó wa lẹ́rú.

Lọ́dún 1924 yìí kan náà, Ṣólàńkẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní èdè Yorùbá, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nípa ọba. Ọdún tí afẹ́fẹ́ gbé ohùn George Karùn-ún fún ìgbà àkọ́kọ́ ni ọdún tó gbé èdè Yorùbá. Nígbà tó di 1926, ó tún kọ orin Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún Zonophone, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹni tí wọ́n ní àwọn èèyàn rẹ̀ kò mọ̀ ju oògùn ìkà lọ ló ń fi ẹ̀rọ tuntun tó wà lóde ṣe ohun tó fẹ́, ní èdè ìyá rẹ̀.

Ìpàtẹ náà ti ilẹ̀kùn lọ́dún 1924, ó tún ṣí lóṣù Karùn-ún ọdún 1925. Nígbà tí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ń lọ lọ́wọ́, lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1925, Ṣólàńkẹ́ àti Dókítà Bankole-Bright ti Sierra Leone kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, àwọn 21, wọ́n sì dá West African Students' Union sílẹ̀, ìyẹn WASU. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ilẹ̀ tí Wembley rọ́ sínú ògiri kan ṣoṣo náà ni wọ́n: Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone, pẹ̀lú Gambia tí kò sí nínú ìpàtẹ. Àwọn ọmọ wọn gba ìdàpọ̀ náà mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn tiwọn jáde, Wasu lorúkọ rẹ̀, kí wọ́n lè máa fi ẹnu ara wọn sọ ọ̀rọ̀ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n wá kojú lẹ́yìn náà, ilé gan-an tí Ṣólàńkẹ́ ti ń pariwo lé lórí. Lọ́dún 1928, Marcus Garvey yá wọn ní ilé kan lò. Owó wá tán. Láti 1929 títí di 1932, Ṣólàńkẹ́ rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti ìlú dé ìlú, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ọba, àwọn olóyè, àwọn oníṣòwò àti aráàlú. Lọ́dún 1933 wọ́n ṣí ilé WASU ní Camden. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dé láti Èkó tàbí Accra rí ibi sùn, ó rí oúnjẹ ilé jẹ, ó rí ìwé kà, ó sì rí ẹni bá jiyàn lóru. Kwame Nkrumah kọjá níbẹ̀, ó sì jẹ́ igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn tó dé lọ́dún 1945. Ṣólàńkẹ́ kú ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1958, ọdún kan lẹ́yìn tí Ghana gba òmìnira.

Ní ti Wembley, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pátápátá lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1925. Owó tó wọlé kò ká owó tí wọ́n ná, gbèsè ni ìjọba kó síbẹ̀. Iṣẹ́ kò pọ̀ sí i fún àwọn tí kò ríṣẹ́ bí wọ́n ti rò. Wọ́n ta àwọn ilé náà, wọ́n wó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wó pápá ìṣeré àtijọ́ lọ́dún 2003, wọ́n sì wó èyí tó kẹ́yìn nínú ilé ńlá mẹ́ta yẹn, ilé ọjà ilé-iṣẹ́, lọ́dún 2013. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lónìí, ilé gbígbé, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù ni yóò bá.

Iṣẹ́ kan ló kù tí mo fẹ́ gbé fún yín. Mo ti sọ orúkọ Ṣólàńkẹ́, mo ti sọ ti Amy Ashwood, mo ti sọ ti ọba. N kò sọ orúkọ ahunṣọ Yorùbá kankan tó jókòó sídìí òfì nínú abúlé Wembley. Wọ́n ya àwòrán wọn, wọ́n fi ṣe káàdì ìfìwéránṣẹ́, èrò ìwòran rà á, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹbí wọn. Títí di òní, àwọn tó ń kó káàdì àtijọ́ jọ ṣì ń tà á. Ohun tí wọ́n sábà kọ sábẹ́ àwòrán ni ilẹ̀ tí èèyàn náà ti wá àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Wọn kò kọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn èèyàn yẹn padà sílé lẹ́yìn ìpàtẹ. Wọ́n bímọ, àwọn ọmọ wọn bímọ. Ìrìn àjò nílùú ọba lọ́dún 1924 kì í ṣe ohun tí agbolé máa gbàgbé kíákíá. Ó lè hàn nínú oríkì, ó lè hàn nínú orúkọ ilé, ó lè wà nínú ìtàn tí ìyá àgbà ń sọ tí a rò pé àlọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti agbolé ahunṣọ wá, láti Ìsẹ́yìn, láti Ọ̀yọ́, láti Ìlọrin, láti Ìbàdàn, ẹ pe àwọn àgbà yín lórí fóònù. Ẹ béèrè bóyá ẹnì kan nínú ìdílé ti hunṣọ fún òyìnbó wò rí. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ béèrè orúkọ ènìyàn náà àti orúkọ baba rẹ̀. Kí ẹ sì jọ̀ọ́ mú un tọ̀ mí wá, kí n lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá káàdì tó bá a mu.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Mo ti rí ọwọ́ ìyá wa kan tó ti nà sókè láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu ba èkùrọ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ di tiyín.